Ẹsẹ̀ Àgbébọ̀, Ẹsẹ̀ Àmínátù

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Karùn-ún 1985

Àmínátù ti dé. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò balẹ̀ láti kọ ọ́ títí di òní. Mùíbì ọmọ mi fi takisí rẹ̀ gbé mi lọ sí pápákọ̀ bàálù ní Kájẹ̀hùn, a dúró síbi tí wọ́n ti ń wo bàálù, oòrùn ń pa wá. Orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, nítorí orí rẹ̀ máa ń yọ láàárín èrò. Ọdún méje ni mo fi retí orí yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀.

Ó ti gbàgbé pé àtẹ́rígbà mi kò ga. Ó fi iwájú orí gbá a gbàà. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, kò pẹ́ tí àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìwé tuntun ni mo fi ń kọ èyí. Kàmárádì Ìdòwú, olùkọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà, ní ká máa kọ ohun tí ojú wa bá rí, kí ọwọ́ wa má baà tún gan. Ohun tí ojú mi rí nìyí: ọmọ ọmọ mi sùn sórí ẹní mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kúrò lórí ẹní, orúnkún ọ̀tún wú bí iṣu.

Ọjọ́ Àtàláátà, 14

Òjò láti àárọ̀. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ orúnkún náà, kò fi pa mọ́ fún mi. Inú ìdíje ló ti ṣẹlẹ̀, lóṣù Kejìlá. Ó fò sókè lọ gba bọ́ọ̀lù. Nígbà tó balẹ̀, ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi ìdáná. Àwọn dókítà là á. Ẹgbẹ́ tó ń gbá básíkẹ̀tì fún ní Faransé, àwọn tó ń sanwó oṣù fún un, ní àwọn á dúró dè é di ìparí oṣù Keje. Bó bá lè sáré kó sì fò nígbà yẹn, wọ́n á gbà á fún ọdún kan sí i. Bí kò bá lè fò, ó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìfẹ̀yìntì!" Mùíbì pariwo. "Èmi tí mo jẹ́ àbúrò ìyá ẹ, mo ṣì ń wa takisí."

"Tọ̀ntọ́n," Àmínátù fi èdè Faransé pè é ní àbúrò ìyá, "takisí yín kì í fò."

"Ìwọ ò tíì rí kòtò tó wà lójú títì Àkpàkpà. Ó ń fò dáadáa."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń yí nínú mi. Bí ẹsẹ̀ bá san, ó lọ. Bí kò bá san, ó dúró tì mí. Àdúrà wo ni kí n wá gbà?

Ọjọ́ Àlàmísì, 16

A lọ sí Ṣakété, ìlú wa, lọ́dọ̀ Bàbá Sàní tó ń to eegun. Òun ló to apá ọkọ mi nígbà tó já lórí ọ̀pẹ. Ó tẹ orúnkún Àmínátù síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó ń kùn.

"Ta ló la èyí?"

"Dókítà ni, Bàbá. Ní Faransé."

"Wọ́n gé e bí ẹni ń gé ẹran iléyá. Ṣé wọ́n dá adìẹ lẹ́sẹ̀?"

"Adìẹ wo?"

Bàbá yíjú sí mi. "Ìyá Mùíbì, ẹ ò kọ́ ọmọ yìí ní nǹkan kan."

Ó mú àgbébọ̀ pupa tí mo rà lọ́jà, ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó fi òrí àti ewé pa á, ó fi igi pẹlẹbẹ méjì dì í. Lẹ́yìn náà, òrí kan náà, ewé kan náà, ìdè kan náà ló fi di orúnkún ọmọ mi. Ó ní wọ́n ti di ọ̀kan. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn tí kò tiro ni ká tú ti èèyàn. Ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni adìẹ gbọ́dọ̀ ti máa jẹun, a ò sì gbọdọ̀ pa á jẹ láéláé.

Ojú Àmínátù pọ́n. "Màmá, kí ni adìẹ yìí ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ náà, kí lo ṣe?"

Ó gbé adìẹ lé itan. Báyìí la ṣe gbé ẹsẹ̀ dídì méjì sẹ́yìn takisí. Nígbà tá a dé Àjàṣẹ́, ṣọ́jà tó ń yẹ ọkọ̀ wò bojú wọlé, ó wo obìnrin, ó wo adìẹ, ó ní kí ló ṣe wọ́n.

"Básíkẹ̀tì ni, Kàmárádì," ni Mùíbì wí. "Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà."

Ṣọ́jà ní ká máa lọ.

Ọjọ́ Àtàláátà, 21

Wọ́n rí oṣù. Ààwẹ̀ ọjọ́ kìíní. Gàrí ti gbówó lórí, epo ìtànná náà ò ṣeé fọwọ́ kàn, nítorí Nàìjíríà ò tíì ṣí ibodè tí wọ́n tì láti èṣí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ṣì ń taṣọ lọ́jà Mísẹ̀bò ní àwọn ń jókòó ti aṣọ bí ẹni ń jókòó ti òkú. Omi òjò wọ ìyẹ̀wù. Mo gbé adìẹ sórí àpótí aṣọ mi.

Àmínátù ti sọ adìẹ lórúkọ. Ó ń pè é ní Kapitẹ́ẹ̀nì. Ó ní òun fúnra òun ni kapitẹ́ẹ̀nì ẹgbẹ́ òun fún ọdún mẹ́ta, òun mọ bí ẹni tó ń dibọ́n pé kò dun òun ṣe ń wojú.

Ọjọ́ Jímọ̀, 24

Òjò. Kapitẹ́ẹ̀nì yé ẹyin kan. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọjọ́ Ajé, 27

Lẹ́yìn ìṣínu, àwọn obìnrin agboolé wá jókòó tì í pé kó sọ bí ìlú òyìnbó ṣe rí. Ó sọ̀rọ̀ òtútù, ó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin, kò fẹnu kan bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo bá a sọ ọ́, mi ò sì tijú láti yangàn. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nílé, kó wá mú mi.

Mo sọ fún wọn pé ìdí àtẹ mi ní Mísẹ̀bò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀, àkọ́bí mi, kú. Ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí. Ó máa ń ká àkísà ní róbótó, á dúró lọ́nà jíjìn, á sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ mi, á sì wọlé. Mo máa ń bá a wí pé ó ń lé oníbàárà. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ti ga ju ọkọ mi lọ, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Òpó Iná. Ó ń sunkún wálé. Àfìgbà tí olùkọ́ eré ìdárayá kan rí i ní ilé-ìwé, ó ní, "Ọmọ yìí, ta ló ni ọ́?" Àmínátù gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé, ó gbá a fún ìpínlẹ̀, ó gbá a fún orílẹ̀-èdè. Àwọn ará Dakar pè é, ó lo ọdún méjì lọ́dọ̀ wọn. Àwọn Faransé wá gbà á, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ fún un. Ìlú mẹ́ta ló ti gbá a níbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn wọn, ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́, eyín síta.

"Ìyá Mùíbì, kò sì rí ọkọ fẹ́?" ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"Ó ń wá èyí tí kò ní máa gbójú sókè wò ó," mo dá a lóhùn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọdún tí wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà ni. Mo palẹ̀ àtẹ mọ́ lọ́sàn-án gangan, mo lọ jókòó láàárín àwọn ọkùnrin tó ń pariwo. Ó fò, ó sì pẹ́ lókè kó tó rántí láti bọ̀ wálẹ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ní gbogbo ọdún méje tí àárò rẹ̀ ń sọ mí, ibi tó wà lókè yẹn ni mo ti ń rí i, kì í ṣe ilẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹfà

Òjò dá. Àwọn ọmọbìnrin ń gbá básíkẹ̀tì ní pápá onísìmẹ́ǹtì ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa. Àmínátù jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ, ó ń bó ẹ̀gúsí fún mi. Mo ṣàkíyèsí pé ó ń bó o bí ìró bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Bí ìró náà bá dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, yóò di ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá tún kan ilẹ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èwo ni ilé, èwo ni àjò? Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọjọ́ Àlàrùbá, 5

Ní kíláàsì, Kàmárádì Ìdòwú ní kí kálukú ka ojú ewé kan nínú ohun tó kọ. Mo ka ibi tí mo ti kọ iye tí wọ́n ń ta gàrí àti epo.

"Kàmárádì Màmá, ṣé kò sí ohun mìíràn nílé yín ju gàrí lọ?"

"Ó wà. Ìjọba ló ni gàrí. Tèmi ni ìyókù."

Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi já bọ́. Ọmọ Pobè ni, ilé rere ló ti wá.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo fẹ́ kọ ọ́, kí n tó rí àwáwí.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Àmínátù sùn. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí Kapitẹ́ẹ̀nì nísàlẹ̀ àpótí. Ìdè rẹ̀ ti tú, igi pẹlẹbẹ kan ti bọ́ sọnù. Ó ń rìn. Kò tiro. Ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn gan-an tú ilẹ̀, ó ń ṣa kòkòrò jẹ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí.

Ó yẹ kí n pariwo. Ó yẹ kí n jí ọmọ mi pé wá wò ó. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rí pápákọ̀ Kájẹ̀hùn, mo ń rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí. Ọdún méje mìíràn ò sí lọ́wọ́ mi.

Mo mú adìẹ, mo wá igi pẹlẹbẹ náà rí nínú koríko, mo tún dì í. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọjọ́ Àtàláátà, 11

Mo tún bá a ní títú. Mo tún dì í.

Ọjọ́ Jímọ̀, 14

Tẹlẹgíráàmù dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Mùíbì lọ gbà á, ó kà á fún mi ní èdè wa: wọ́n fẹ́ mọ bóyá ó ń bọ̀. Mùíbì ní kí ni Bàbá Sàní ń dúró dè, adìẹ tí òun mọ̀ kì í pẹ́ tó báyìí kó tó rìn.

Àmínátù yíjú sí mi. "Màmá, ṣé kò tíì rìn?"

"Kò tíì rìn."

Ẹnu tí mo fi ń gba ààwẹ̀ ni mo fi sọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àlàmísì, 20

Ìtúnu ààwẹ̀. Òjò ṣàánú wa, a kírun tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Àmínátù wọ léèsì funfun tí mo tọ́jú fún un láti ọdún kẹta. Kò dé kókósẹ̀ rẹ̀, ó sì rẹwà.

Èrò kún ilé. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Adìẹ tá a pa ò tó, ni Mùíbì bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo kàn gbọ́ tí Kapitẹ́ẹ̀nì figbe ta. Mo sáré jáde, mo bá ọmọ mi tó dì í mú lápá méjèèjì, ọ̀bẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Mùíbì! Ti ẹsẹ̀ nìyẹn!"

"Yéè! Mi ò wò ó!" Ó jù ú sílẹ̀. Kò sí ìdè lẹ́sẹ̀ adìẹ mọ́. Ó ta, ó sáré yí kànga po, ó fò lórí ìkòkò, ó wọ inú ilé onílé. Mùíbì lanu sílẹ̀, ọ̀bẹ bọ́. "Màmá, adìẹ yìí ń sáré!"

Àmínátù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò fi hàn pé ẹnu yà á. Mi ò lè gbójú sókè.

"Ó ti ń rìn láti ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá," mo wí. "Èmi ni mo ń tún un dì."

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ kí ni?"

"Ọjọ́ Ajé ni mo rí i. Ó ń rìn kiri níbí yìí, mo fi àgbàdo fún un, mo padà sínú ilé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo rí i pé ẹ ti dì í. Inú mi dùn."

Mùíbì pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo àwọn ẹlẹ́tàn! Adìẹ nìkan ló ń sòótọ́ nínú ilé yìí."

Mo bi Àmínátù pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó jókòó tì mí lórí àpótí, ó mú ọwọ́ mi.

"Bí ẹ bá tú u, mo gbọ́dọ̀ fò kí n wò ó. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà ní dídì, mo ṣì jẹ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Àná la tú u. Lónìí, kí oòrùn tó mú, a lọ sí pápá ilé-ìwé, èmi àti òun nìkan. Kò lo ọ̀pá. Ó gbé bọ́ọ̀lù tó mú wá láti Faransé, ó wọ bàtà rẹ̀, ó pẹ́ lórí okùn bàtà náà. Mo tẹ́ ìborùn mi sórí sìmẹ́ǹtì, mo jókòó.

Ó kọ́kọ́ dúró gbagidi, ó sọ ọ́, ó wọlé. Ó sún sẹ́yìn, ó sọ ọ́, ó tún wọlé. Àwọ̀n irin ń dún ṣàn-án. Mo ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ó yíjú wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó gba ìdí ògiri lọ, ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń sáré díẹ̀díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀.

Kò ga. Bí ìgbà tí èèyàn bá fo kòtò kékeré. Nígbà tó balẹ̀, orúnkún yẹn yà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì jókòó sílẹ̀. Kò ké. Bọ́ọ̀lù yí lọ sídìí ògiri.

Mo rá pálá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Bí mo bá ti tú adìẹ lásìkò ni..."

"Adìẹ kọ́, Màmá. Dókítà ti sọ fún mi lóṣù Kẹta. Ó ní màá rìn, màá jó níbi ìyàwó, ṣùgbọ́n fífò ti tán. Mi ò gbà. Mo ní kí n wálé, kí n tún bi ẹlòmíràn."

"Bàbá Sàní náà ti gbìyànjú."

"Ó ti gbìyànjú. Kapitẹ́ẹ̀nì náà ti gbìyànjú." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Ó gbórí lé èjìká mi. Ó ní láti tẹ̀ gan-an kó tó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ Àtàláátà, 25

Kò jẹun. Òjò.

Ọjọ́ Àlàrùbá, 3 Oṣù Keje

Àmínátù ní kí Mùíbì gbé òun lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó fi tẹlẹgíráàmù ránṣẹ́ sí wọn pé òun ò padà mọ́. Mùíbì ní nígbà tí akọ̀wé ka iye ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ó ní kò pọ̀. Àmínátù ní, "Ti Dakar ti Faransé, ọdún mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀."

Àwọn àlejò ò wá mọ́. Mùíbì ti ń wá ibi tó máa gbà á síṣẹ́, ó ní wọ́n ń fẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ní Agblangandan. Àmínátù ní òun ti gbọ́. Ohun tó ń sọ nípa gbogbo nǹkan báyìí nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀, 12

Gàrí wálẹ̀ díẹ̀. Kapitẹ́ẹ̀nì sàba lé ẹyin mẹ́jọ.

Ọjọ́ Àìkú, 28

Bàálù Faransé kọjá lórí wa lọ́sàn-án. Àmínátù ń sá aṣọ lórí okùn, kò gbójú sókè. Èmi ni mo gbójú sókè.

Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà. Ó ń sùn sínú ilé mi, ó ń jẹun lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi ka ohun tí mo kọ, ó ń tún àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, wọn ò sọ pé òórùn oko kì í tètè kúrò lára ẹni.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ìró lẹ́yìn ilé. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni. Àmínátù ni. Òun nìkan, nídìí kànga, ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ sìmẹ́ǹtì. Gbì, gbì, gbì. Ilẹ̀ nìkan. Mi ò lọ bá a. Mo ń tẹ́tí, mo ń retí kí ìró náà dá díẹ̀, bó ṣe máa ń dá nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lókè, tí ẹni tó ni ín sì wà lókè pẹ̀lú rẹ̀. Kò dá.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí ẹnu mi ń gbàdúrà. Kì í ṣe èyí tí mo fi gbogbo ààwẹ̀ gbà, pé kó dúró tì mí. Ọlọ́run, jẹ́ kó fò. Bó bá jẹ́ pé àfòlọ ni, tí mi ò ní rí i mọ́ kí n tó kú, jẹ́ kó fò.